Ẹkún Àwẹ̀ró àti Igbá Pákò

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé bá dojú rú mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé àwọn àgbà ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ta ni kò mọ̀ pé omijé a máa dí ojú? Lójú ẹni tó ń sunkún, ènìyàn á dà bí igi, igi á dà bí ènìyàn, ọ̀nà tó sì tọ́ á wọ́ bí ejò. Báwo wá ni ojú kan náà yóò ṣe máa da omi, tí yóò sì tún máa ríran?

Àwọn ọmọ Òkè-Amọ̀ kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá bi wọ́n ní ìtumọ̀ òwe yìí, ṣe ni wọ́n máa ń tún ìró wọn ró, tí wọ́n á gbé orí sókè, tí wọ́n á ní, "Jókòó ná, kí a sọ ti Àwẹ̀ró fún ọ."

Àwẹ̀ró kì í ṣe ọmọ amọ̀kòkò. Ìlú àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá fún Ajíbóyè akọpẹ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ń gun ọ̀pẹ bí ẹni ń gun àkàbà. Nígbà tó dé Òkè-Amọ̀, ó bá gbogbo obìnrin ibẹ̀ nídìí amọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìlú, lẹ́bàá odò, ni ebu wọn wà, ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, tí wọ́n sì ti ń sun ún. Ìkòkò tí gbogbo agbègbè náà fi ń tọ́jú omi, ìṣaasùn tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Ọyáfúnkẹ́, ìyá Ajíbóyè, ni olórí àwọn amọ̀kòkò. Ilẹ̀ ebu náà sì jẹ́ ti baba Ajíbóyè. Nígbà tí baba kú, ó bọ́ sí ọwọ́ Ajíbóyè gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí.

Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ sun ìkòkò tirẹ̀, ojú tì í. Bí wọ́n ti ń sun ìkòkò ní Òkè-Amọ̀ ni pé wọ́n á tò ó jọ sórí ilẹ̀, wọ́n á fi igi àti èèpo igi bò ó, wọ́n á wá da koríko gbígbẹ lé gbogbo rẹ̀ títí tí a kò ní rí ìkòkò kankan mọ́, kí wọ́n tó ti iná bọ̀ ọ́. Nígbà tí iná náà ràn, èéfín tó jáde kì í ṣe èéfín tí ènìyàn ń fi ọwọ́ fẹ́ danù. Bí ata ló rí. Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró, ó fi etí aṣọ bo ojú, ó sá lọ sí ẹ̀yìn igi. Ibẹ̀ ló wà tó fi ń gbọ́ "pá! pá!" bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Ó sáré padà. Iná ti la ẹnu níhà kan, atẹ́gùn tútù ti wọlé, ìkòkò sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ọyáfúnkẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Omi ń bọ́ lójú tirẹ̀ náà, ó ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ìyá, ẹ má bínú. Èéfín ni," ni Àwẹ̀ró wí.

"Mo mọ̀ pé èéfín ni. Ṣé o rò pé ìrì ló sẹ̀ sí mi lójú yìí?"

"Ojú ń ta mí púpọ̀ ni, Ìyá."

"Iná ò mọ̀ pé ojú ń ta ọ́, ìyàwó. Bó bá la ẹnu, tí o kò rí i kí o fi koríko dí i, ìkòkò ló máa kú. Jẹ́ kí omi máa bọ́. Ta ló ní kó má bọ́? Ṣùgbọ́n má dijú."

Àwọn amọ̀kòkò yòókù fi Àwẹ̀ró ṣẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyàwó Abojú-bora. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún máa sun ìkòkò, ó dúró. Ó sunkún èéfín bí ọmọdé, kò sì dijú. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ amọ̀, tí àwọn aláròóbọ̀ sì ń béèrè ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí wọ́n ti ń bá ayé wọn lọ nìyẹn. Àwẹ̀ró bí ọmọkùnrin kan, Àkànjí. Ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n rá nígbà tí igbà já mọ́ Ajíbóyè nídìí lórí ọ̀pẹ. Ó jáde nílé ní òwúrọ̀, ó ń ṣe ọmọ rẹ̀ ní "Ó dàbọ̀ o, ọkọ ìyá ẹ." Orí ẹní ni wọ́n gbé e padà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pàdánù ẹni yín, a kò ní láti ròyìn rẹ̀ fún yín. Ayé dorí kodò mọ́ Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Wọ́n tú irun rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kó máa ṣe opó. Nílé ọkọ rẹ̀, opó kì í gbójú sókè wo ojú ẹni. Á tẹrí ba ni. Láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ, òun ni yóò kọ́kọ́ ké, àwọn obìnrin ilé á sì gbè é. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti ṣe é bí àṣà. Àwẹ̀ró kò ṣe é bí àṣà. Ó ń sunkún ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń bá a gbé amọ̀ láti ebu wálé bí kò tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin.

Bí oṣù opó bá sì parí, wọ́n á gbé igbá pákò kalẹ̀. Ọkùnrin tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ òkú, tó sì fẹ́ ṣú opó náà, á fi pákò tirẹ̀ sínú igbá. Opó á wá mú ọ̀kan. Ẹni tó bá mú pákò rẹ̀ ló di ọkọ rẹ̀, ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ òkú á bá a lọ sí ọwọ́ ẹni náà. Fún Àwẹ̀ró, èyí ni pé bí ó bá ti mú pákò, ebu ti lọ nìyẹn, àti oúnjẹ gbogbo amọ̀kòkò tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fẹ́ nà, gbogbo ìlú ló sì máa jẹ èrè rẹ̀ tàbí ìyà rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wá bí òjò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá láti ìlú wọn, ó ní kó ká ẹní kó máa bọ̀ nílé, kó fi ọmọ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Àwọn obìnrin ilé ní kó mú pákò ẹni tí oko rẹ̀ fẹ̀ jù. Òmíràn ní kó mú ti ẹni tí kò níyàwó nílé. Bí wọ́n bá ti sọ tiwọn tán, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn aṣọ wọn, wọ́n á lọ. Àwẹ̀ró nìkan ló ń ṣẹ́kù sórí ẹní, kò mọ èwo ni ọ̀tún, kò mọ èwo ni òsì.

Ìgbà náà ni Ládépò wọlé sí ọ̀rọ̀ náà.

Ládépò ni àbúrò Ajíbóyè, ọmọ ìkẹyìn Ọyáfúnkẹ́. Ó dúdú, ó ń dán. Ìdí nìyẹn tí Àwẹ̀ró fi sọ ọ́ ní Adúmáadán nígbà tó dé ilé ọkọ, nítorí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ẹnu rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré ni ẹṣin. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bá gun ẹṣin gba àárín ọjà kọjá, àwọn tó ń pe òun ní ọmọ ìkẹyìn á mọ̀ pé òun ti dé iwájú. Ilé a máa fi í rẹ́rìn-ín.

Nínú ọ̀fọ̀ yìí, kò sí ẹni tó ké tó Ládépò. Òun ló máa ń wá ní òwúrọ̀, a sì máa pariwo ẹkún débi pé àwọn tí ń kọjá lọ á dúró. Nígbà tó bá ké tán, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́. O kò ní ríyà nínú ilé yìí, níwọ̀n ìgbà tí mo wà láàyè."

"Ẹ ṣeun, Adúmáadán."

"Gbogbo wọn ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí dá ọ lágara. Yan èyí, yan tọ̀hún. Ṣé ẹni tó ń sunkún ni wọ́n ní kó máa ronú? Èmi á gbà á rò fún ọ."

Àwẹ̀ró mi orí pé òun ń gbọ́.

"Lọ́jọ́ igbá pákò," ni Ládépò wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ojú ẹ á ti wú. Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu pé o fẹ́ wò. Ṣáà na ọwọ́. Èyí tó bá ní òwú lára, tèmi nìyẹn, mo ti wé e. Dì í mú, ó parí. O kò tún ní ronú kan mọ́."

Kí ni ó dùn létí ẹni tí àárẹ̀ ti mú tó bẹ́ẹ̀? Kí ẹnì kan gba ẹrù ìrònú lórí ẹni! Àwẹ̀ró gbà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màá ṣe bẹ́ẹ̀." Ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹrí ba, kò lè ṣàì rí ilẹ̀. Ojú ẹni kankan kò sí fún Àwẹ̀ró láti wò, ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Nínú omijé rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ilé náà ní àtẹ́lẹsẹ̀: ẹsẹ̀ Ọyáfúnkẹ́ tó ti sán, tí eruku eérú kò kúrò lára rẹ̀ láéláé, ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ní kókó, ẹsẹ̀ Ládépò tó máa ń dán bí ẹni fi òrí pa á.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ Ládépò kò dán. Amọ̀ ló gbẹ mọ́ ọn dé ọrùn ẹsẹ̀. Kì í sì í ṣe amọ̀ pupa tí gbogbo ènìyàn máa ń tẹ̀ létí odò. Amọ̀ eléérú ni, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú kòtò, tí àwọn amọ̀kòkò nìkan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wà, tó máa ń há sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí omi kò ní tètè fọ̀ ọ́. Àwẹ̀ró ń ké, ó sì ń wo amọ̀ náà. Ládépò kò mọ ìkòkò í mọ. Kí ló gbé e dé ìsàlẹ̀ kòtò?

Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn wà lẹ́yìn tirẹ̀. Àlejò kan ni, ó wọ bàtà awọ tí àwọn ará pápá máa ń wọ̀. Amọ̀ eléérú kan náà wà lára bàtà rẹ̀, àjákù ewé ìrèké sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ kú ìrọ́jú o," ni àlejò náà wí. Ẹsẹ̀ méjèèjì sì yí padà, wọ́n jáde.

Àwẹ̀ró kò dákẹ́ ẹkún, bẹ́ẹ̀ ni kò pariwo. Nígbà tí Ọyáfúnkẹ́ gbé ẹ̀kọ wá fún un, ó ní, "Ìyá, ta ló lọ sínú kòtò amọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta yìí?"

"Ta ni ìbá lọ? Gbogbo wa la wà nínú ọ̀fọ̀."

"Mo rí amọ̀ ìsàlẹ̀ kòtò lẹ́sẹ̀ Adúmáadán."

Ọyáfúnkẹ́ gbé abọ́ ẹ̀kọ kalẹ̀. "Àwẹ̀ró. Ọmọ tó kù fún mi láyé yìí, òun nìkan náà ni. Má sọ ohun tí màá fi sin ín láàyè fún mi. Jẹun."

Àwẹ̀ró fa abọ́ ẹ̀kọ mọ́ra, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìyá tó ń sunkún àkọ́bí, ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọmọ ìkẹyìn lé e lórí? Ó gbé Àkànjí sórí itan, ó fún un lọ́mú, ó sì gbàdúrà sí Ẹni tí í gbọ́ igbe opó. Àdúrà náà kò gùn. "Ẹlẹ́dàá mi, n kò ní kí O gba ẹkún yìí lójú mi. Má ṣáà jẹ́ kí n dijú."

Bí ó ti ń ṣe àmín rẹ̀ lọ́wọ́ ni Àkànjí gé e lọ́mú jẹ. "Yéè!" Ó fi ìka kan ẹ̀rìgì ọmọ náà. Eyín kan ti yọ, kékeré, ó mú, bí ọmọ àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó. Ajíbóyè ti ń retí eyín yìí tipẹ́. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, omi sì tún bọ́ sí i lójú nínú ẹ̀rín náà.

Ọjọ́ igbá pákò pé. Àgbàlá kún. Bàbá Oyèékàn, olórí ilé, jókòó sórí àga rẹ̀, igbá sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin fi pákò tiwọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ládépò ju tirẹ̀ sí i wẹ́rẹ́, ó lọ dúró létí ògiri, ó káwọ́ gbera.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tètè parí. Ṣùgbọ́n Bàbá Adégbìtẹ́, arúgbó tí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu mọ́, fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá síwájú, ó mú pákò lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Bàbá Oyèékàn wí, "níbo lẹ fẹ́ gbé ìyẹn lọ?"

"Inú igbá. Ṣé èmi kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Ajíbóyè ni?"

"Kí lẹ fẹ́ fi pákò ṣe? Eyín dà?"

"Ẹ̀rìgì mi le ju eyín ẹlòmíràn lọ! Eegun ni mo jẹ lánàá!"

"Eegun ẹja ni o!" ni obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín.

Arúgbó náà kò gbà. Ó ka ìran rẹ̀ láti orí baba ńlá, ó ka ọ̀pẹ tó ti gùn nígbà èwe, ó ka àwọn obìnrin tó ti sunkún nítorí rẹ̀. Oòrùn gòkè títí ó fi dé àtàrí. Ládépò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà ẹnubodè, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Níkẹyìn Bàbá Oyèékàn fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ó tó. Bí a ti bá a náà nìyí: ọmọkùnrin tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ òkú, tó sì ní eyín lẹ́nu, òun ló lè fi pákò síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" ni gbogbo wọn dáhùn. Ohùn Ládépò ló ròkè jù.

Bàbá Adégbìtẹ́ jókòó, ó di pákò rẹ̀ mú, ó ń kùn.

Wọ́n mú Àwẹ̀ró jáde, Àkànjí wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kó ké ẹkún ìkẹyìn fún ọkọ rẹ̀, ó sì ké e. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún ọmọ wọn, ọmọ wọn sì sọ fún ọmọ tiwọn, pé ẹkún náà mú kí àwọn ọkùnrin gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó ké e tán, ojú rẹ̀ ti wú. Wọ́n ti igbá sí i níwájú.

Ó na ọwọ́. Ìka rẹ̀ kan pákò kan, ó fò ó. Ó kan òmíràn. Lẹ́yìn náà ó kan òwú.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ládépò mí kanlẹ̀.

Àwẹ̀ró yọ ọwọ́ kúrò nínú igbá. "Ẹ̀yin bàbá mi, mo tọrọ àforíjì. Mo ní ìbéèrè kan."

"Opó kì í béèrè ọ̀rọ̀ nídìí igbá," ni Ládépò wí kíákíá.

"Jẹ́ kó béèrè," ni Bàbá Oyèékàn wí. "Ẹ̀yìn ìbéèrè kò ní ká má yan."

Àwẹ̀ró kò gbójú sókè. "Adúmáadán, kí lẹ lọ wá nísàlẹ̀ kòtò amọ̀, ẹ̀yin àti ọkùnrin tó wọ bàtà awọ?"

Ládépò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Kòtò wo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ yín ni. Amọ̀ eléérú wà lára rẹ̀, ó wà lára ti àlejò yín. Ewé ìrèké sì wà lára bàtà àlejò náà."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ opó!" Ládépò yí sí àwọn ènìyàn, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni obìnrin yìí ti ń sunkún. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ. Ẹni tí omijé kò gbẹ lójú rẹ̀, kí ló lè rí?"

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró gbé orí sókè. Omi ṣì ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó wo Ládépò lójú kòrókòró, ó sì sọ ọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo.

"Adúmáadán, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."

Láàárín àwọn obìnrin, Ọyáfúnkẹ́ fi ọwọ́ nu ojú. Ó dà bíi pé èéfín ebu fẹ́ sí i lójú.

Ládépò fẹ́ búra. Ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹṣin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó yán lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo orí sì yí síbẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ bàtà awọ fa ẹṣin pupa kan wọ àgbàlá, ó ń nu òógùn.

"Ẹ kú ìjókòó o! Ládépò, o ní kí n dé bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, pé ọ̀rọ̀ á ti parí. Ẹṣin tí mo fi ra ilẹ̀ ebu lọ́wọ́ ẹ rèé. Àwọn tó máa bá mi dí kòtò náà ti wà létí odò. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá a lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìrèké lónìí."

Ẹṣin náà ń jẹ koríko lórí òrùlé ilé ìdáná.

Bí Bàbá Adégbìtẹ́ kò bá ti jiyàn nípa eyín, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí kí ẹṣin tó dé lóòótọ́. Ọlọ́run a máa lo ẹ̀rìgì.

Ọyáfúnkẹ́ ló dìde. Ó rìn lọ sídìí igbá, ó wá pákò tó ní òwú lára, ó tú òwú náà, ó sì lọ dúró níwájú Ládépò. Ládépò ti dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Mo rò pé—"

"Ọmọ tó kù fún mi ni ọ́. Amọ̀ ni mo fi bọ́ ọ. Amọ̀ ni mo fi rán aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ." Ó nu imú. "Mo ń sunkún ẹ̀gbọ́n ẹ, mo tún wá ń sunkún tìẹ, ṣùgbọ́n n kò ní dijú. Gba pákò ẹ. Dá ẹṣin padà fún ẹni tó ni ín."

Ọkùnrin onírèké náà fa ẹṣin rẹ̀ jáde, kò tilẹ̀ dágbére. Ládépò jókòó sí ilẹ̀, ó di pákò mú bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Oyèékàn wú ikọ́. "Ìyàwó, a ti gbọ́. Ojú ẹ ṣiṣẹ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n igbá ṣì wà nílẹ̀. O gbọ́dọ̀ yan."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ní ó lè fi pákò síbẹ̀?"

"Ọmọkùnrin tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ òkú, tó sì ní eyín lẹ́nu."

Àwẹ̀ró tú ọ̀já, ó sọ Àkànjí kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó gbé e síwájú olórí ilé. "Bàbá, ẹ fi ìka wò ó."

Bàbá Oyèékàn wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ó fi ìka sí ọmọ náà lẹ́nu.

"Yéè! Ó gé mi jẹ!"

Ẹ̀rín tó bú ní àgbàlá náà lé àwọn adìyẹ jáde. Àwọn amọ̀kòkò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lu ara wọn léjìká. Bàbá Adégbìtẹ́ ti dìde, ó ń fi ọ̀pá lànà láàárín èrò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó fi pákò rẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Gbà, ọkọ. Wọ́n ní n kò ní eyín tí màá fi rún un. Ìwọ ní ọ̀kan. Ọ̀kan ọ̀hún tó."

Àkànjí fi pákò náà sẹ́nu, ó fà á yọ, ó wò ó, ó sì jù ú sínú igbá fúnra rẹ̀. Àwẹ̀ró tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ là kedere nínú omijé, ó sì mú pákò náà níwájú gbogbo wọn.

"Ọmọ Ajíbóyè ni mo yàn. Inú ilé yìí ni màá wà. Ebu wà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni màá sì máa tọ́jú rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi tó o."

Bàbá Oyèékàn wo ìka rẹ̀ tí ọmọ gé jẹ. Ó wo Ọyáfúnkẹ́, Ọyáfúnkẹ́ sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Bí a ti bá a náà ni," ni ó wí. "N kò rí ibi tí mo lè gbà jiyàn."

Bẹ́ẹ̀ ni ebu Òkè-Amọ̀ kò ṣe di oko ìrèké. Àkànjí dàgbà, ó sì di ọkùnrin jẹ́jẹ́ bíi baba rẹ̀. Nígbà tí Ọyáfúnkẹ́ darúgbó, Àwẹ̀ró ni àwọn amọ̀kòkò fi jẹ olórí wọn, òun obìnrin tí wọ́n ti sọ ní Ìyàwó Abojú-bora rí. Ládépò náà kò ṣègbé. Ojú tì í fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru igi wá sí ebu fún ìyá rẹ̀. Bó bá ti ń bọ̀ lọ́nà, àwọn obìnrin á máa ké pé, "Ẹlẹ́ṣin, ẹ káàbọ̀ o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sọ igi kalẹ̀. Àwẹ̀ró kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀ rí. Adúmáadán ló ń pè é títí ó fi kú.

Ẹkún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹlẹ́dàá tó fi orísun omijé sójú wa, ojú kan náà ló fi ìmọ́lẹ̀ sí. Bí Ó bá fẹ́ kí ọ̀kan dúró de èkejì ni, ì bá ti fún wọn ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Òkè-Amọ̀ kì í fi sọ fún ẹni tó wà nínú ìdààmú pé kó dákẹ́. Títí di òní, bí wọ́n bá ń sun ìkòkò, tí èéfín dé, tí ìyàwó tuntun kan sì mú etí aṣọ, tó fẹ́ fi bo ojú, gbogbo ebu ló máa ń pariwo lé e lórí, pẹ̀lú omi lójú tiwọn náà: "Sun ẹkún ẹ, ìyàwó! Sun ún dáadáa! Ṣùgbọ́n wo iná. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran!"